They Cloned Tyrone: kí ló pa adìyẹ díndín, rìlásà àti kànga Gbẹ̀rẹ̀fù pọ̀?

Ọmọ Màrínà

Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo gbé wá. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, tí kò sì fẹ́ ká tú àṣírí rẹ̀ síta, kó yáa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

They Cloned Tyrone ni. Juel Taylor ló darí rẹ̀, ọdún 2023 ló jáde lórí Netflix. John Boyega tiwa ni olórí òṣèré. (Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń jẹ́ Adédayọ̀ Bámidélé, ta ló máa gbà á lọ́wọ́ wa?)

Fún ẹni tó ti pẹ́ tó wò ó, ìtàn náà rèé ní ṣókí. Fontaine ń ta oògùn olóró ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Glen. Ó lọ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ Slick Charles, ọkùnrin kan tó ń fi obìnrin ṣòwò ní òtẹ́ẹ̀lì. Bó ṣe jáde, ọ̀tá rẹ̀ yìnbọn pa á. Charles rí i, Yo-Yo tó ń bá Charles ṣiṣẹ́ náà rí i. Ilẹ̀ mọ́, Fontaine tún dé, ara rẹ̀ le koko, ó ní òun wá gba owó òun. Kò mọ̀ pé òun kú lánàá. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọ pinpin ọ̀rọ̀ nìyẹn, títí wọ́n fi bá iyàrá ìwádìí kan lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ènìyàn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń po nǹkan kan tí wọ́n ń bù sínú adìyẹ díndín, sínú ohun mímu, àti sínú rìlásà tí àwọn ará àdúgbò fi ń ṣe irun, kí ọkàn wọn máa rọ̀, kí wọ́n má lè bínú.

Nígbà tí mo débi tí wọ́n ti jẹ adìyẹ yẹn tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín láìnídìí, kànga Gbẹ̀rẹ̀fù, erékùṣù tó wà ní òdìkejì ọ̀sà níbí, ló sọ sí mi lọ́kàn. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn tó ń mú àlejò kiri máa ń sọ níbẹ̀: wọ́n á ní àwọn ẹrú tó bá sọdá ọ̀sà, wọ́n á kọ́kọ́ fún wọn mu nínú omi kànga náà kí wọ́n tó rìn dé etí òkun, kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí agbára ìjà lè tán nínú wọn. Àbí èmi nìkan ló rí i bẹ́ẹ̀?

Tópò_Bọ́ì

Ta ni Tyrone gan-an? Mo wò ó dé ìdajì, n kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Màrínà

Lọ wò ó tán.

Bàbá Fíìmù

Ọmọ Màrínà, o kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kànga yẹn dùn ún gbọ́, àmọ́ ká má sáré dé orí àmì ká tó wo bí wọ́n ṣe to ìtàn. Bí ìtàn ò bá dúró, kò sí àmì tó lè gbé e ró.

Ẹ wo àárọ̀ Fontaine. Ó kan ilẹ̀kùn iyàrá ìyá rẹ̀, ó bi í bóyá ó fẹ́ jẹun, ohùn ìyá dá a lóhùn látinú iyàrá pé rárá, òun ti jẹ nǹkan. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọlọ́tí, ó ra ọtí, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tò, ó họ ọ́: ìwọ kò jẹ. Bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Frog jókòó síta, ó na kọ́ọ̀bù rẹ̀, Fontaine rọ díẹ̀ fún un. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ rí gbogbo èyí, ẹ ò ní kà á sí. Ẹ ó rò pé wọ́n kàn ń fi irú ẹni tó jẹ́ hàn wá ni. Ìgbà tó kú tán, tó tún jí, tí ohùn ìyá tún dáhùn bákan náà, tí tíkẹ́ẹ̀tì tún sọ pé kò jẹ, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí í bà yín nítorí nǹkan tí kò bà yín lẹ́rù lẹ́ẹ̀kan. Owó kékeré ni oníṣẹ́ ọnà fi ṣe èyí o. Kò sí iná, kò sí àǹjọ̀nú, kò sí ọkọ̀ òfuurufú. Ìlẹ̀kùn, ohùn, àti bébà kékeré kan.

Ẹ tún wo ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló ń ṣíwájú, àwa là ń sáré tẹ̀ lé e. Nínú èyí, àwa, Charles àti Yo-Yo ti rí òkú Fontaine kí Fontaine fúnra rẹ̀ tó gbọ́. Òun ló ń wá ọ̀daràn kiri, òun náà ni òkú, òun náà ni ẹ̀rí tí wọ́n gbé síwájú adájọ́. Ìdí nìyẹn tí Boyega kì í fi í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Jamie Foxx tó ṣe Charles ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀, Teyonah Parris tó ṣe Yo-Yo sì ń fi ọgbọ́n inú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti kà láti kékeré ṣe atọ́nà wọn. Ẹni tó dákẹ́ láàárín aláròyé méjì, ojú ẹ ò ní kúrò lára rẹ̀.

Àti pé àdúgbò Glen yẹn kò ní ọdún. Aṣọ Charles, ọkọ̀, tẹlifíṣàn, bí ẹni pé ọdún 1970 sí òkè la wà. Àwòrán rẹ̀ pàápàá ń ṣe hóró-hóró bíi fíìmù ayé àtijọ́. Ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó gbọ́ nǹkan tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ayé ìsinsìnyí ni. Àwọn kan ní ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ní tèmi, wọ́n ti so àdúgbò náà mọ́lẹ̀ síbì kan ni, kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀.

Tópò_Bọ́ì

Bàbá Fíìmù ti kọ ìwé fún wa 😂 Ẹ kú làákàyè sà.

Àǹtí Onírun Àjàrá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí onírun náà sọ tiẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ adìyẹ àti lọ́tò, ẹ ti fo rìlásà kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló ká mi lára.

Bí oníbàárà bá jókòó síwájú mi tó ní kí n ṣe rìlásà fún òun, màá kọ́kọ́ fi fasilíìnì pa etí rẹ̀, iwájú orí àti ẹ̀yìn ọrùn, kí kírímù má bàa jó o. Màá wọ ìbọ̀wọ́. Màá fi ìrù kóòmù pín irun sí mẹ́rin, màá bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́ níbi tí irun ti le jù. Kírímù funfun, òórùn rẹ̀ á gbòde kan. Kò ní pẹ́ rárá tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Á máa mi ẹsẹ̀, á máa fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn, ojú á pọ́n. Màá ní, "Ṣé kí n fọ̀ ọ́?" Á ní, "Àǹtí, ẹ fi í lẹ̀ díẹ̀ sí i, kò tíì nà." Èmi tí mo wọ ìbọ̀wọ́ ni mò ń bẹ ẹni tí nǹkan ń jó lórí! Kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ ló wà nínú èyí tó lágbára nínú wọn. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, oníbàárà á béèrè iye owó, á béèrè bó ṣe máa pẹ́ tó. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó kọ fíìmù yẹn, ó ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onírun rí, tàbí ìyá rẹ̀ ti mú un lọ.

Ohun kejì tí mo fẹ́ sọ: adìyẹ àti ohun mímu, wọ́n kàn ń mú ọkàn rọ̀ ni. Rìlásà ní iṣẹ́ mìíràn. Ẹ rántí ohun tí wọ́n sọ lópin, pé ohun tí bàbá àgbà tó jẹ́ olórí iyàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn ń lé ni pé kó máa yí ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú padà díẹ̀díẹ̀, láti ìran dé ìran, títí wọ́n á fi di funfun. Irun tó nà ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ọ̀nà yẹn. Wọ́n ti gbé ìdáhùn síwájú wa látìgbà tí obìnrin ti jókòó sábẹ́ ọwọ́ onírun, àwa ò kà á sí.

Bàbá Fíìmù

Àǹtí, n kò rí ìyẹn rárá. Mo ti ka rìlásà pọ̀ mọ́ adìyẹ, bí ẹni pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ ṣeun.

Tópò_Bọ́ì

Àǹtí, ẹ jẹ́ n béèrè o. Adìyẹ díndín àti ohun mímu gíréèpù yẹn, ṣé kì í ṣe èébú ni? Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Houston ní àwọn òyìnbó ló máa ń fi adìyẹ bú aláwọ̀ dúdú.

Ẹ̀gbọ́n Ìbẹ̀rẹ̀kò

Èébú ni, àwọn aláwọ̀ dúdú náà ló sì gbé e sínú fíìmù ara wọn. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó ń wò ó á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á ní "àwọn yìí tún dé pẹ̀lú adìyẹ wọn," lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi hàn án pé ẹni tó mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn adìyẹ ló gbé oògùn síbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ènìyàn ni wọ́n tún fi dẹ pàkúté fún un.

Ẹ má sì rò pé àlá lásán ni. Láti 1932 títí di 1972, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí kan ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Nǹkan bíi 600 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, tálákà, àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn 399 nínú wọn ní àrùn rẹ́kórẹ́kó. Wọ́n ń sọ fún wọn pé "ẹ̀jẹ̀ burúkú" ni àwọn ń wò fún wọn. Wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ ọ̀fẹ́, wọ́n sì ṣèlérí owó ìsìnkú. Nígbà tó máa fi di ìparí ọdún 1940 sí, penisilíìnì tó ń wo àrùn náà ti wà káàkiri, wọn ò fún wọn. Wọ́n fẹ́ wo bí àrùn náà ṣe ń pa ènìyàn ni. Oníròyìn ló tú àṣírí rẹ̀, ìgbà tí Nixon wà lórí oyè ààrẹ. Ẹ sì wo orúkọ tí wọ́n fún ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ ibi nínú fíìmù náà, èyí tí Kiefer Sutherland ṣe: Nixon. Nixon ti ayé gidi náà ló pe oògùn olóró ní ọ̀tá àkọ́kọ́ ní 1971. Nínú fíìmù, Nixon ló ń ṣe ẹ̀dà ẹni tó ń ta oògùn olóró, bí ọ̀kan bá kú, wọ́n á gbé òmíràn jáde sójú títì. Bí mo ṣe kà á nìyẹn.

Ní ti kànga Gbẹ̀rẹ̀fù, Ọmọ Màrínà, má bínú. Ìtàn tí àwọn amọ̀nà ń sọ ni, ó dùn létí àlejò. Juel Taylor kò ronú nípa Àgbádárìgì nígbà tó ń kọ fíìmù rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká máa fa gbogbo nǹkan wá sílé.

Ọmọ Màrínà

Ẹ̀gbọ́n, n kò sọ pé ó ronú nípa wa. Mo ní bí mo ṣe ń wò ó, ibẹ̀ ni ọkàn mi lọ. Àmì kì í ṣe ti ẹni tó ṣe é nìkan. Àwọn tí wọ́n kó kọjá lórí iyanrìn yẹn, àwọn ọmọ ọmọ wọn ló ń gbé Glen. Bí wọ́n bá ń bẹ̀rù ohun tí wọ́n ń mu lọ́hùn-ún, tí àwa náà sì ń sọ ìtàn ohun tí wọ́n fún wọn mu níhìn-ín, ṣé kò yẹ ká fi ojú kan náà wo méjèèjì ni?

Ẹ̀gbọ́n Ìbẹ̀rẹ̀kò

Ó dáa. Bó o bá fẹ́ fà á wá sílé, ibi tó bá a mu jù lọ ni ilé Ṣẹ̀ríkí Abass, kì í ṣe kànga.

Ẹ ti wọ inú ọgbà yẹn, àwọn iyàrá tó-tò-tó tí wọ́n ń kó ẹrú sí, ogójì ni wọ́n máa ń sọ pé wọ́n tó. Ta ló ni í? Ọmọ Ìjọ́gà Òrílé nílẹ̀ Yewa, tí wọ́n jí gbé ní kékeré, tí wọ́n tà, tó dé Brazil. Ó padà wá sí Àgbádárìgì, òun náà sì di olówò ẹrú, ó di ọlọ́lá, ó di olóyè, kó tó kú ní 1919. Ẹni tí wọ́n fi ṣòwò ló tún ń fi ènìyàn ṣòwò.

Ẹ wá wo ìparí fíìmù. Wọ́n ti rò pé òyìnbó tó ń jẹ́ Nixon ni olórí. Bàbá arúgbó kan jáde, ojú Fontaine ló ní. Òun ni Fontaine àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ara rẹ̀ ṣe gbogbo àwọn yòókù. Ọ̀fọ̀ àbúrò rẹ̀ ló gbé e débi tó fi rò pé bí kò bá sí aláwọ̀ dúdú mọ́, ìjà á tán. Nígbà tí mo rí i, ilé Ṣẹ̀ríkí ni mo rántí, ara mi sì bù máṣọ.

Bàbá Fíìmù

Ibẹ̀ gan-an ni èmi àti fíìmù yẹn ti ṣe gbólóhùn asọ̀. Èrò náà lágbára, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ló kù díẹ̀ káàtó. Láti ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan tí a fojú rí ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó di ibi tó yẹ kó rinlẹ̀ jù, bàbá dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí olùkọ́ níwájú pátákó. Ẹ fi wé ibi tí Fontaine ti já ilẹ̀kùn iyàrá ìyá rẹ̀. Kò sí ìyá. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ń dáhùn pé òun ti jẹun. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé nǹkan kan fún wa, omi sì bọ́ lójú mi.

Tópò_Bọ́ì

Ibi iyàrá ìyá yẹn! Bí Zangbeto, eégún àwọn Ògù, ló rí. Ẹ ṣí i, kò sẹ́nìkan nínú.

Vínọ̀_Ògù

Ọ̀gbẹ́ni, fi Zangbeto sílẹ̀. Ọmọ Ògù ni mí, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mo rọra ń gbádùn rẹ̀, àfìgbà tó o débẹ̀. Bí wọ́n bá dojú Zangbeto délẹ̀ tí o kò rí ènìyàn nínú rẹ̀, agbára ni wọ́n ń fi hàn ọ́, pé ẹni tó ń ṣọ́ ìlú lóru kì í ṣe ẹlẹ́ran ara. Iyàrá ìyá Fontaine, òfìfo ni. Wọ́n tàn án ni. Ọ̀kan ń dáàbò bo ìlú, ọ̀kan ń so ìlú mọ́lẹ̀.

Tópò_Bọ́ì

Ẹ má bínú sà, ẹnu mi ò ràn án mọ́.

Vínọ̀_Ògù

Kò sí wàhálà. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo ti dá sí i, ẹ jẹ́ n sọ ohun kan. Gbogbo yín ń sọ ohun tó wà lórí ilẹ̀. Kí ni ẹ rí sí ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sísàlẹ̀? Inú ilé kan tó dà bí ilé lásán ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ìgbà tó yá, wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì, abẹ́ pẹpẹ náà ní ọ̀nà tó lọ sísàlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń jẹun, ibi tí wọ́n ti ń jọ́sìn, ibi tí wọ́n ti ń jó, ihò kan náà ló wà lábẹ́ gbogbo wọn. Ó rọrùn fún oníṣẹ́ ọnà láti sọ pé "ọ̀tá wà lókè." Ilé gogoro, gíláàsì, òyìnbó tó wọ kóòtù. Èyí ní rárá, ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ yín. Àti pé bàbá Boyega gan-an, oníwàásù Pẹ́ńtíkọ́sì ni. Ó wù mí kí n bi í bó ṣe wò ó lára nígbà tí wọ́n ń ya ibi ṣọ́ọ̀ṣì yẹn.

Àǹtí Onírun Àjàrá

Ẹ tún dá sí ọ̀rọ̀ bàbá arúgbó yẹn fún mi. Bàbá Fíìmù, mi ò fara mọ́ tiyín. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ ibi bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, ó máa ń ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Àlàyé ni wọ́n fi ń sùn lóru. Bí ó bá dákẹ́, ẹ ó rò pé àǹjọ̀nú ni. Ọ̀rọ̀ tó ń rò yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ènìyàn bíi tèmi ni.

Bàbá Fíìmù

Àǹtí, mo gbọ́ yín, àmọ́ ó ṣì gùn jù. Ká gé e sí ìlàjì.

Tópò_Bọ́ì

Mo ti wò ó tán o!!! Háà. Àwọn ẹ̀dà ti tú jáde síta ní ìhòòhò, tẹlifíṣàn ń gbé e, kámẹ́rà wá ṣí lọ sí Los Angeles, ọkùnrin kan jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ní "Tyrone, ìwọ kọ́ nìyí?" Gbogbo orúkọ fíìmù pátá, ẹni tí a kò mọ̀ rí ló ni ín! Ọ̀ràn náà ò sì tíì parí nígbà náà, àdúgbò mélòó ni wọ́n ti ṣe é?

Vínọ̀_Ògù

Ìyẹn ni wọ́n fi orúkọ náà ṣe. Ẹ ti ń béèrè ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò mọ̀ pé ìbéèrè ni wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ máa gbé kiri.

Tópò_Bọ́ì

Ẹ̀gbọ́n, Charles ńkọ́? Nixon sọ ọ̀rọ̀ kan, "Olympia Black," Fontaine dúró gbagidi, Charles náà sì dúró. Òun náà di ẹ̀dà. Ṣé wọ́n fi àmì kankan hàn wá tẹ́lẹ̀ ni, àbí wọ́n kàn já a lù wá?

Bàbá Fíìmù

Tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Charles kò sọ̀rọ̀ ọ̀la rí. Ipò tó dé nígbà kan, oyè tí wọ́n fi dá a lọ́lá láàárín àwọn oníṣòwò bíi tirẹ̀, ìyẹn ló ń tún sọ lójoojúmọ́. Nítorí pé ó ń pa wá lẹ́rìn-ín, a ò wò ó bí a ṣe ń wo Fontaine. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni: kí wọ́n fi ẹni tó dákẹ́ gba ojú rẹ, kí wọ́n fi ẹ̀rín bo èkejì mọ́lẹ̀. Yo-Yo nìkan nínú àwọn mẹ́ta ló ń sọ pé òun máa kúrò ní Glen.

Àǹtí Onírun Àjàrá

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti ń bẹ̀ mí pé ká wò ó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú tí a kì í ṣiṣẹ́. Èyí tó kéré jù nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS3. Ṣé ó dáa fún un?

Ẹ̀gbọ́n Ìbẹ̀rẹ̀kò

Rárá o, Àǹtí. Èébú tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, ìbọn wà, igbó wà, ìhòòhò wà lópin. Àwọn àgbà nínú wọn ni kẹ́ ẹ fi hàn. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ṣe irun tán kí ẹ tó tàn án, torí lẹ́yìn rẹ̀, n kò mọ ẹni tó máa jókòó fún rìlásà.

Àǹtí Onírun Àjàrá

😂 Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́. Mo ń ta kíkó náà.